Táyà Ńlá Lórí Jíìpù Wa: Ẹrẹ̀ Giwa Kọ́ Ló Ń Pa Èèyàn

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, Samaru, Tudun Wada àti gbogbo Zaria, ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ bá wa sọ. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn wa ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ táyà tí jíìpù wọn gbé wá, wọ́n ń fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Wọ́n ní nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ni. Mo gbà. Ẹni tó bá ti ná ọjà Giwa tàbí Makarfi lóṣù kẹjọ mọ̀ pé ẹrẹ̀ dúdú ibẹ̀ kì í ṣeré. Tó bá gbá ọkọ̀ mú, kí àwọn ọmọ tó ń tì í tó gba tiwọn tán, èrè ọjà ti wọmi.

Ṣùgbọ́n irú táyà ńlá wo là ń rà? Tuntun wọ́n, a ò lè purọ́. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà, tó ti gbó níbi tó ti ń bọ̀. Tó bá wá ń ha fẹ́ńdà, wẹ́dà á gé irin pẹlẹbẹ, á kì í sábẹ́ sípíríìngì, á ní, "Ọ̀gá, ó ti ga." Òótọ́ ni, ó ga. Ohun tó bá ga ló máa ń yára dojú dé ní kọ́nà. Jíìpù yẹn kan náà ló sì máa kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà nígbà Iléyá, lórí ọ̀dà, nínú oòrùn, pẹ̀lú àpò ata lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ á kàn rì ni, a ó sì sọ̀kalẹ̀ tì í. Lórí ọ̀dà, kò sáyè pé à ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi 4Runner ṣe àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàrin 1996 sí 2002, àwọn kan gbé táyà 225/75R15 wá. Gíga táyà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 72. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀ ni 31x10.50R15, tí gíga tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 79. Sẹ̀ǹtímítà 7 ló fi ga jù ú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ló ń gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, torí ìdajì yòókù wà lókè ásù. Gbogbo owó àti wàhálà yẹn, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ la fi rà!

Míítà ọkọ̀ kò sì mọ̀ pé a ti pààrọ̀ táyà. Tó bá kọ 100, eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an ti sún mọ́ 110. Tó bá kọ 120, ó ti lé ní 130. Òfin sì ní 100 ni kí ọkọ̀ ilé má kọjá ní ẹ̀sípúrẹ́ẹ̀sì. Bíréèkì kò yí padà, táyà ló wúwo sí i, nítorí náà ọkọ̀ á pẹ́ kó tó dúró. Epo ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ iye tí à ń ra epo.

Ẹ wá wo tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè dára, ṣùgbọ́n rọ́bà máa ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Nínú kòǹténà, wọ́n á ki ọ̀kan sínú èkejì bí ẹni to abọ́, okùn irin inú rẹ̀ á ká kò. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán. Ẹ má wo dídán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ rí, ẹ sá, torí ó ti wà ṣáájú ọdún 2000! Ọdún mẹ́rin ni àwọn FRSC ń sọ fún wa pé kí táyà má kọjá. Nọ́ńbà mìíràn tún wà lẹ́yìn sáìsì, bíi 99 tàbí 104. Ẹrù tí táyà kan lè gbé nìyẹn: 99 jẹ́ kílò 775, 104 jẹ́ kílò 900. Táyà lè fẹ̀ kó má lágbára tó èyí tí ẹ yọ.

Nígbà tí Dunlop ń ṣe táyà n'Íkẹjà, tí Michelin ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Michelin kógbá sílé ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró lọ́dún tó tẹ̀lé e. Látìgbà náà, èyí tí òyìnbó bọ́ sílẹ̀ là ń wọ̀.

Ṣé ẹ rántí Mínísítà James Ocholi? Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, lọ́nà Kaduna sí Abuja tí gbogbo wa ń gbà yìí, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Táyà tó bẹ́ ni wọ́n sọ pé ó fà á. N ò sọ pé táyà tiwọn jẹ́ ńlá tàbí tòkunbọ̀ o. Mo kàn ń sọ pé táyà kì í wo ipò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Bàbá, ẹni tí kò lówó ńkọ́?" Ohun àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ la owó lọ: ẹ dín afẹ́fẹ́ kù. Táyà tó ń gba 32, tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ sí 20 kẹ́ ẹ tó wọ ẹrẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á di ilẹ̀ mú. Ẹ máa rọra lọ, ẹ má sáré, ẹ sì fún un padà kẹ́ ẹ tó gun ọ̀dà. Pọ́ńpù kékeré tí à ń ki sí ojú iná inú ọkọ̀ àti géèjì ti ara ẹni kò tó owó táyà kan. Ẹ fi ṣọ́bìrì àti pákó méjì sí búùtù. Fọ́kànáísà tó ń fi àtàǹpàkò wọn afẹ́fẹ́, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì wọn tiyín.

Tó bá jẹ́ dandan kí táyà tóbi sí i, ẹ gbé e ní ìgbésẹ̀ kan péré. 235/75R15 fi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ ga ju 225 lọ, míítà ò ní ṣìnà púpọ̀, kò sì sí pé wẹ́dà ń ki irin bọ abẹ́ ọkọ̀. Kó jẹ́ tuntun, kí ojú rẹ̀ jẹ́ èyí tó rí págunpàgun fún ẹrẹ̀ àti ọ̀dà. Tí ẹ bá yí sáìsì padà, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí sípéà náà bá wọn dọ́gba. Jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì tí táyà iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò dọ́gba, jíà ara rẹ̀ ló máa jẹ. Tí owó ò bá tó mẹ́rin, ẹ fi sáìsì sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ra méjì tuntun fún ásù kan, kẹ́ ẹ dá àjọ fún méjì tó kù.

Ẹni tí kò bá rí nọ́ńbà ọdún táyà rẹ̀ kà, kó ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó gbé e síbí. A ó bá a kà á kí Iléyá tó dé.