Òfin ojú-ọjọ́ gbàgbé oníṣòwò kékeré

Lóṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ni Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin lórí ìyípadà ojú-ọjọ́. Òfin ọ̀hún ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹni tí yóò máa mójú tó bí wọn yóò ṣe máa dín èéfín kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tó ní ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta àti ìyá tó ń ta omi tútù ńkọ́? Imú wọn ni èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọ̀, àpò wọn ni owó epo sì ń gbọ́n gbẹ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023.

Wọ́n mọ̀ pé iná oòrùn kì í béèrè epo. Ṣùgbọ́n epo ṣeé rà ní lítà kọ̀ọ̀kan. Owó sólà àti bátìrì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà á. Ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò máa gbà díẹ̀díẹ̀ bí èsúsú, ló lè yanjú èyí. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn gómìnà ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má tún dúró de Àbújá.