Ọmọ Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì í Dúró Sójú Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Èmi kò bá òwe náà jà, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé apá kìíní rẹ̀ ni àwa ará Èkó ń lò jù. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣe ohun tí kò bá ti ẹgbẹ́ mu, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ ó ti pariwo pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí "Yábàá Lẹ́fìtì," gbogbo kíláàsì a sì bú sẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ti wà ní Yábàá láti ọdún 1907. Nígbà náà, ibi tí a ń kó àwọn tí orí wọn dàrú pamọ́ sí ni; lónìí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì ní ẹ̀ka kan ní Ọ̀ṣọ́dì níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ tí kò jù yín lọ. Apá kejì òwe náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni ti òbí tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Sùúrùlérè. Ní sáà kan, mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ olójú-ewé méjì. Ọmọ yìí kọ ogún. Òru mẹ́ta ni ó fi kọ ọ́ láìsùn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí a kò tì, ó sì ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun yóò ra ilé-ìwé náà kí ọdún tó parí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yìn ín pé ó ní ìtara. Nígbà tí a wọ sáà kejì, ọmọ náà kò lè kọ ìlà kan ṣoṣo. A gbé orí lé tábìlì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìwẹ̀ pàápàá di ẹrù wúwo fún un. Mo pè é ní ọ̀lẹ níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì ní kí ó kúnlẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ yín?

Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa: a máa gbé ọkàn ènìyàn lọ sókè réré fún ìgbà kan, kí ó tó wá jù ú sílẹ̀ sínú ìsoríkọ́, àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ìsoríkọ́ nìkan ni tiwọn. Ìgbà ọ̀dọ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oògùn sì wà. Ní ọdún 1949 ni dókítà ará Ọsirélíà kan, John Cade, kọ̀wé pé irú iyọ̀ kan tí à ń pè ní lithium a máa mú ọkàn tí ń sáré rọlẹ̀. A ṣì ń lò ó títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń lò ó wò láti ìgbà dé ìgbà.

Ṣùgbọ́n oògùn kò lè bá wa tún ilé ṣe. Nígbà tí mo lọ kí àwọn òbí ọmọ náà, mo bá ilé tí ń jó láìsí èéfín. Òwò bàbá ti wó, wọ́n ti jẹ owó ilé oṣù méje. Àwọn ará ilé ìyá ń wí pé láti ìdílé bàbá ni àìsàn náà ti wá; bàbá ń wí pé àkẹ́jù ìyá ni ó ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, ìyá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù gbọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin yóò lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ kan."

N kò lè dá obìnrin náà lẹ́bi. Yorùbá kì í fẹ́ ìyàwó láìwádìí ìdílé, òótọ́ sì ni pé àìsàn yìí a máa rìn nínú ìdílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń rìn nínú ìdílé, a kì í sì í tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé ẹbí láti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ yìí gan-an ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn dókítà ti rí i pé ilé tí èébú àti ìbáwí bá ti pọ̀, àìsàn náà a máa tètè padà wá síbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ti mọ ipò tí ará ilé wà nínú ìwòsàn yìí tipẹ́tipẹ́. Adéoyè Lambo ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní ọdún 1923, ó sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1954, nígbà tí wọn kò tí ì kọ́ ilé ìwòsàn Arò parí, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí. Àdéhùn kan ni ó bá wọn ṣe: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá, ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ẹ wo ọgbọ́n! Àrùn tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ní ń ṣe. Lambo sì jẹ́ kí àwọn ọlọ́yà wá jókòó ti Àbọ́yadé. Ọkùnrin yìí ni ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2004.

Ẹnì kan lè bi mí pé báwo ni ẹni tí ń gbé yàrá kan ní Mùṣín, tí ń wá owó oúnjẹ alẹ́, yóò ṣe ní ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. N kò sọ pé kí tọkọtaya má jà, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ìjà jáde kúrò létí ọmọ, kí àdúrà má sì gba ipò oògùn. Bí ọmọ bá sì sọ pé ikú wu òun, kí wọ́n má ṣe nà án, kí wọ́n má sì pè é ní àṣà ẹnu. Kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n sì tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìyá bàbá ọmọ náà, arúgbó tí kò mọ̀wé, ni ó parí ìjà ilé wọn. Ó dìde láàárín wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bí ẹ bá ní láti ọ̀dọ̀ mi ni ó ti wá, mo gbà. Ta ni yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la?"

Ìyá ni ó mú un lọ. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ibùdókọ̀ kan ṣáájú ilé ìwòsàn ni ó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, a fi ìborùn bo ojú, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Tẹ́júoṣó má baà rí i. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò àṣejáde báyìí, ọdún kan lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìsoríkọ́ náà tún padà wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣì ń lo oògùn. Bàbá ń bá a lọ ní oṣù kan, ìyá ní oṣù kejì, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn gan-an ni wọ́n sì ti ń sọ̀ kalẹ̀.