Búlọ́ọ̀kù Tó Rẹwà Nínú Fọ́tò

Ẹni tó bá mọ àwa ará Èjìgbò tí a wà ní Abidjan yóò mọ̀ pé ilé kíkọ́ ni olórí ìnáwó wa. Ohun yòówù ká máa tà, ilé ni owó rẹ̀ ń lọ kọ́. Ọdún mẹ́ta ni àwa méjèèjì, ọkọ àti ìyàwó, fi ń fi owó ránṣẹ́ kí Màmá lè kúrò nínú ilé alámọ̀ tó ń jò. Àbúrò wa ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni fọ́tò máa ń wọlé sórí fóònù wa: ìpìlẹ̀ rèé, ògiri rèé, lẹ́ńtẹ̀ rèé. Inú wa á sì máa dùn.

Nígbà tí a délé ní oṣù Kejìlá, ọ̀kan nínú wa kàn fi kọ́kọ́rọ́ ha búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Yanrìn ń dà sílẹ̀ bíi gààrí. A gbé ọ̀kan lára èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ sókè dé ìbàdí, a jù ú sílẹ̀. Ó tú ká bí èkuru.

Kò sẹ́ni tó jí owó. Ìyẹn ló tún dùn wá jù, torí ká ní olè ni, a ó mọ ohun tí a ó sọ. Àbúrò wa ra símẹ́ǹtì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù dúnàá-dúrà títí owó fi wálẹ̀, ó rò pé òun ń ràn wá lọ́wọ́. Ẹni yẹn náà sì mọ ibi tí èrè tirẹ̀ yóò ti jáde: àpò símẹ́ǹtì kan tó yẹ kó fi ṣe búlọ́ọ̀kù ínńṣì 9 bíi 30, ó fi ṣe 50. Ọjọ́ kan péré ló wọ́n omi sí wọn kó tó kó wọn wá. Bẹ́ẹ̀, omi ni símẹ́ǹtì fi ń le. Bí oòrùn bá tètè gbẹ ẹ́, agbára rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ó kéré tán, ó yẹ kó máa mu omi fún ọ̀sẹ̀ kan.

A bínú sí i, ó sì dá wa lóhùn: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sọ pé owó ò sí." Òótọ́ ni. Ohun méjì la máa ń béèrè lórí fóònù, "Èló ló kù?" àti "Ìgbà wo ló máa parí?" Ní gbogbo ọdún mẹ́ta náà, a kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá búlọ́ọ̀kù náà le.

Ẹnjiníà tí a pè ní ìpìlẹ̀ àti òpó dára, àmọ́ ògiri yàrá méjì tó wà lẹ́yìn kò ṣeé fi sílẹ̀. Bíríkìlà ní ká kàn rẹ́ ẹ kó nípọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. A rántí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Tiwa kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n Màmá ni yóò máa sùn síbẹ̀. A wó ògiri náà pẹ̀lú lẹ́ńtẹ̀ orí rẹ̀. Owó tí ìyẹn gbà ju gbogbo ohun tí ìdúnàá-dúrà yẹn fi pamọ́ lọ. Ọjọ́ méjì ni àbúrò wa kò fi bá wa jẹun.

A kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ jókòó ni, a kọ ohun tí a ń pè ní "ó dára" sínú ìwé. Símẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 42.5 sí lára ni ká fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti ní kí 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan. Kọ́ńkéré kò gbọdọ̀ ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, bó ti wù kí omi púpọ̀ mú iṣẹ́ yá bíríkìlà lára tó. Kí ẹnì kankan tó gba owó, àbúrò wa á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ wò, kí wọ́n tó fi símẹ́ǹtì bò ó.

Ti irin ló wú wa lórí jù. Irin mìlímítà 12 tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wọn bíi kílò 10.6, tó fi jẹ́ pé bíi 94 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Ojú lásán kò lè mọ̀ bó bá tín-ín-rín. Àbúrò wa gbé òṣùwọ̀n lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irin. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá wọ inú ilé lọ, ó kó òmíràn jáde.

Fọ́tò ṣì ń wá lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ ojú òṣùwọ̀n àti ara àpò símẹ́ǹtì ló ń yà báyìí. Èyí tó dé kẹ́yìn jẹ́ fídíò. Ó gbé búlọ́ọ̀kù tuntun dé ìbàdí, ó jù ú sílẹ̀, kò fọ́. Ó tún fẹ́ jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i ni a bá gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn: "Má fọ́ ọ o, owó ni!"