Ẹ BI WÁ: Garawa Tí Ń Jò Ń Jẹ Agbára Ọmọ

Ìyá kan tí ń ta gààrí ní Ìkọ̀lé ní ọmọbìnrin òun máa ń sọ pé ó ti rẹ òun kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ omi tí ó fà nínú kànga kò tó nǹkan. Ṣé ọ̀lẹ ni? Olùkọ́ kan ní Ọ̀yẹ́ pẹ̀lú ń bèèrè bí a ti í ṣírò iṣẹ́ nígbà tí agbára bá ń yí padà. Ìdáhùn kan ló tó àwọn méjèèjì.

Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí garawa yín ná.

Ká ní kànga jìn ní mítà 10, omi wúwo tó kìlógíráàmù 10, okùn tútù sì jẹ́ kìlógíráàmù 2. Ká má ka garawa fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀, ọmọ ń fa omi àti okùn: bíi 120 newton. Bí okùn ti ń wọlé, ẹrù ń fúyẹ́. Ní ẹnu kànga, omi nìkan ló kù, 100 newton.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ya gíráàfù: agbára lóòró, gíga tí garawa ti dé ní ìbú. Àyè abẹ́ ìlà náà ni iṣẹ́ tí a ṣe. Ìdí ni pé bí a bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, agbára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíga rẹ̀ lọ́nà ìbú rẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdajì àpapọ̀ 120 àti 100 jẹ́ 110. Lọ́nà 10, ó di 1,100 joule.

Wàyí o, bí garawa bá ń jò déédéé tí ìdajì omi fi dà nù, ìlà yóò sọ̀ láti 120 sí 50. Ìdajì àpapọ̀ wọn jẹ́ 85. Iṣẹ́ jẹ́ 850 joule, fún ìdajì omi péré! Kí garawa kan tó pé, ọmọ yóò fà á lẹ́ẹ̀mejì: 1,700 joule. 600 ti ṣòfò. Ẹni tó ra gààrí sínú àpò tó lu ni.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa mú agbára ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ti òpin nìkan, wọ́n á sọ ọ́ lọ́nà gbogbo jíjìn. Àṣìṣe ni. Bí ìlà bá sì tẹ̀, nítorí pé ihò ń yára jò lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n ka àwọn ojú kéékèèké inú pépà gíráàfù.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1796, John Southern, tó ń bá James Watt ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú kí pẹ́ńsùlù ya ìlà agbára ẹ̀rọ oníná-omi. Àyè inú ìlà náà ni wọ́n fi mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe. Lónìí, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ tí ń fa omi yìí ni yóò wọ ibẹ̀ lọ́la?

Ìyá wa, bí garawa bá ń jò, ẹ dí i lónìí kí ẹ tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ.