Ìdó kì í ṣe abẹ́ afárá lásán

1/ Tí àlejò bá wọ Èkó, ibo la máa ń mú wọn lọ? Lẹ́kí, etí òkun, ilé oúnjẹ tí iná rẹ̀ dáa fún fọ́tò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ Ìdó?

2/ Abẹ́ afárá lọ̀pọ̀ nínú wa mọ Ìdó sí. Kọ̀ńdọ́ á pariwo "Ìdó wọlé o!", a ò ní gbójú kúrò lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀, erékùṣù ni Ìdó tẹ́lẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ibẹ̀ ni Ọlọ́fin tẹ̀dó sí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó pín ilẹ̀. Arómire, ọ̀kan nínú wọn, ló dá oko ata sí òdìkejì omi. Orí oko ata yẹn ni wọ́n kọ́ Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, sí. Ṣé ẹ rí i?

3/ Ní 1896, Ìdó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin. Nígbà tó fi máa di 1901, rélùwéè ti ń ná Ìbàdàn, afárá Carter sì ti so Ìdó mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Kánò, Ìdó ló ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí.

4/ Ẹnìkan á ní, "Kí ló kù níbẹ̀ tá a fẹ́ wò? Ìdọ̀tí?" Ẹ lọ wo ilé Jaekel ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bútè Mẹ́tta. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ṣeé ṣe, jàre.

5/ Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o: mi ò fẹ́ àtúnṣe tó máa fi katakata bẹ̀rẹ̀. Ìyá alágbo, Mọ̀lá alálùbọ́sà, àwọn alábàárù, àwọn gan-an ni Ìdó. Ibi tí àlejò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni látọjọ́ yìí wá. Tẹ́ ẹ bá lé wọn, tẹ́ ẹ wá kun ògiri lọ́dà, kí la fẹ́ san owó wọlé wá wò?

6/ Tẹ́ ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò ní ìtàn. Kẹ́ ẹ wá gbé e sórí ìkànnì yín. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtàn rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá wó o, ta ni yóò sọ̀rọ̀?