Owó Epo Tí Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Wa Ń Ná

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 lítà kan nígbà náà fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 yóò fi dé, ọ̀pọ̀ ilé epo ti ń tà á ju ₦1,000 lọ. Láti ìgbà náà ni ẹnu wa kò ti kúrò lára ìjọba. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo, n kò sì tíì ṣetán láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í fẹ́ sọ: lára epo tí à ń sunkún rẹ̀ yìí, àwa fúnra wa là ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún da apá kan nù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń wakọ̀ ní kìlómítà 40 lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan. Lítà mẹ́rin lójúmọ́ nìyẹn. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ó di lítà 88. Ní ₦900 lítà kan, ₦79,200 ni yóò ná, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n sọ di òfin ní oṣù Keje ọdún 2024. Bí ó bá dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù, ₦7,920 padà sápò rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe.

Níbo ni yóò ti dín in kù? Ẹ wo bí a ṣe ń wakọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Àyè díẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú, awakọ̀ á tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á fò, á dé ìdí ọkọ̀ iwájú, á sì tẹ bíréèkì gì. Epo ló fi sáré yẹn. Bíréèkì ló sọ ọ́ di ooru lásán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á tún un ṣe. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé irú ìwakùwà bẹ́ẹ̀ lè dín bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lórí epo kù ní ìdá 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìlú. Ẹni tó rọra fi àyè sílẹ̀ níwájú, tó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ jẹ́jẹ́, kò ní í pẹ́ dé ju ẹni tó ń fò lọ, àfi pé àwọn kan á ṣẹ́rí wọlé síwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ní òpópó Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ẹni tó sá 120 ní wákàtí kan yóò fi bíi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ẹni tó sá 90. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà tí atẹ́gùn ń ṣe fún ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, epo la sì fi ń bá a jà. Kì í ṣe pé 120 tayọ òfin nìkan, ogún ìṣẹ́jú náà, ní Bẹ́gà la ó ti lò ó tán.

Èyí tó dùn mí jù ni ti jíà fíríì. Níjelòó, mo wọ takisí kan n'Íbàdàn. Bí a ti dé orí gẹ̀ẹ́rẹ́, awakọ̀ yọ jíà, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fi sí jíà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàgbà, epo ni mò ń ṣọ́." Nígbà tí ọkọ̀ ń lo kabúrétọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì wọn. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, tí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lórí gẹ̀ẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà náà á dá epo dúró pátápátá, nítorí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Nínú fíríì, ó gbọ́dọ̀ máa fún ẹ́ńjìnnì lépo kó má baà kú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n náà rò pé òun ń tọ́jú gan-an ló ń jó. Ẹ́ńjìnnì kò tún bá a mú ọkọ̀ dúró mọ́; bíréèkì nìkan ló ku, ó sì ń gbóná. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa ọkọ̀ pátápátá. Wọ́n ń tọ́jú epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn títẹ̀ mélòó kan, bíréèkì á le bí òkúta, ọwọ́ ọkọ̀ á wúwo, èèyàn mẹ́rin sì wà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Awakọ̀ dáńfó ló ń ra epo fúnra rẹ̀, iye kan pàtó ló sì ń jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lójúmọ́, nítorí náà ó yẹ kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ ṣọ́ epo. Bí iye náà bá ga jù, eré ni yóò máa sá kó lè rí ìrìn kan sí i, a ó sì tún jókòó sẹ́yìn, a ó máa kígbe pé, "Dírẹ́bà, kí lo ń wá ní jíà kejì?" Ní ti ọkọ̀ ìjọba tó ń fi fèrè lé wa kúrò lójú ọ̀nà, owó wa ló ń jó, kì í ṣe tiwọn.

Kòtò ojú ọ̀nà ń jẹ epo pẹ̀lú, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá dúró nítorí rẹ̀ ni a tún máa fi epo gbéra. Ìjọba ló ni ìyẹn, n ó sì máa pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni mò ń kọ́kọ́ lọ lówùúrọ̀ ọ̀la. Ìwọ̀n atẹ́gùn tí táyà mi ń fẹ́ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, mo sì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ti ẹ̀yìn méjèèjì ti rọ̀.