Ọmọ ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ group, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́

Ọmọkùnrin kan wọ group WhatsApp kan tí èmi náà wà, èyí tí ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú pọ̀ sí. Èkó ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ohun tó ń wá ò ju agbo ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ló bá kọ ọ́ pé: "Daddy admin, ṣé o mọ ilé bàbá mi?"

"O" yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnì kan ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹlòmíì ní kó lọ kọ́ Yorùbá kó tó padà wá. Àwa tó kù ń fi emoji ẹ̀rín ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi náà fi méjì sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti jáde, ẹnikẹ́ni ò sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ò lè sọ èdè ìlú wa fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìgbé Yorùbá Èkó wọ inú rẹ̀. Ká ní àwọn ìyá àgbà wa wà nínú group yẹn ni, ta ni wọn ò ní fi rẹ́rìn-ín?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ló bá òbí wọn dé ìlú tí wọn ò rí rí. Ọmọ onílé ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n dà bí àlejò. Àmọ́ àwọn yẹn ṣì lè rí ìyá àgbà tó máa tún ọ̀rọ̀ ṣe fún wọn ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹni tó wọ group ò ní ju àwa lọ. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó bá rí ló fi máa mọ̀ bóyá ilé ló dé.

Àwọn kan á ní oníjìbìtì ń wọ group. Òótọ́ ni. Ẹ bi í léèrè: ta ni bàbá rẹ, iṣẹ́ wo ló ṣe? Ìyẹn ò burú. Tó bá pe àgbà ní "o", ẹ lọ bá a ní inbox, kí ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹ̀yin admin náà, ẹ lágbára láti pa ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bú àlejò rẹ́. Ẹ lò ó, ẹ jàre.

Mo wá nọ́ńbà ọmọkùnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì júwe àgbàlagbà kan fún un ní Ọ̀tan tó lè mọ bàbá rẹ̀. Àmì búlúù ti hàn, ó ti kà á. Kò tíì fèsì.